Òṣìṣẹ́ Tí Àìlera Lé Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́: Ta Ni Yóò Gba Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ Fún Un?

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kò sí Yorùbá tí kò mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó máa ń ronú sí ìbéèrè tí ó fara pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀: bí ìlera bá lọ nígbà tí ọrọ̀ kò tíì dé ńkọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròjinlẹ̀ lásán fún àwa tí a ń gbé ní Ọ̀tà, ní Ṣàngó, ní Ìjù, ní Ìyànà-Ìyẹ̀sí àti ní gbogbo ibi tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ sí ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni.

Ẹni tí ó bá dé abẹ́ bíríìjì Ṣàngó kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò rí ohun tí a ń wí. Èrò á máa wọ́ bí omi láti Ìfọ̀, láti Ìjókòó, láti Agbádó àti láti Èkó. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ òru ń bọ̀, àwọn tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ń lọ. Ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ ògbólógbòó irin wà ní agbègbè wa, ti ike wà, ti fóòmù wà, ti bébà, ti ọṣẹ, ti oògùn, ti oúnjẹ àti ti ohun mímu. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976 ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i, nítorí pé Èkó kò jìnnà, ilẹ̀ sì wà. Owó oṣù tí wọ́n ń san ti kọ́ ọ̀pọ̀ ilé, ó sì ti rán ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilé-ìwé; a kò gbọdọ̀ jẹ́ aláìmoore. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a máa ń rí lábẹ́ bíríìjì yẹn fún ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí a ó sì ṣàdédé máa fẹ́ wọn kù. Wọn kò kú. Wọn kò rí iṣẹ́ mìíràn. Ara wọn ni kò gbé iṣẹ́ mọ́.

Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni àìlera fi ń wọlé tọ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó ń fa eruku òwú, eruku ìyẹ̀fun, eruku igi tàbí ti òkúta símú fún ọdún pípẹ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè bàjẹ́ títí tí gígun àtẹ̀gùn kékeré yóò fi di ogun. Ẹni tí ó ń dúró ti ẹ̀rọ tí ariwo rẹ̀ kọjá dẹ́síbẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́, láìfi nǹkan dí etí, etí rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó bá sì ti kú níbẹ̀ kì í jí mọ́. Ẹni tí ń gbé ẹrù wúwo láti òwúrọ̀ di alẹ́, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè yẹ̀. Òjé tí ń jáde nígbà tí a bá ń yọ́ bátìrì àlòkù máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀, a sì máa fara pamọ́ sínú eegun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọ̀rọ̀ Ògijó, ní ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà, kò tíì tutù lẹ́nu: ní ọdún 2025, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò tí ilé-iṣẹ́ ayọ́-bátìrì yí ká, ìjọba sì ti àwọn kan pa nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àrùn tí ó lè má ti ibi iṣẹ́ wá rárá, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn rọpárọsẹ̀, àrùn kíndìnrín, àrùn ojú.

Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ń kọ wá lóminú. Ní àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ á máa fi àìsàn náà pamọ́. Á máa ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, á máa mu àgbo, á máa fara dà á, nítorí ó mọ̀ pé bí ọ̀gá bá gbọ́, wọ́n lè fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Nígbà tí ó bá di pé kò lè fara dà á mọ́, tí ó ń pa ibi iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọn á pè é sí ọ́fíìsì. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń fi bá a sọ̀rọ̀. Wọn á ní kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ó di pé àwọn lé e, nítorí orúkọ rẹ̀. Kí ó kúkú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó lọ tọ́jú ara, bí ara bá le kí ó padà wá. Òun náà, tí ojú ti ń tì tẹ́lẹ̀, á kọ ọ́. Ìwé ìlà mẹ́rin ni: pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ara òun, pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Wọn á fi owó oṣù tí ó kù lé e lọ́wọ́, wọn á fi àdúrà sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Bí ó ṣe di ẹni ilé nìyẹn.

Ìwé ìlà mẹ́rin yẹn gan-an ni a fẹ́ kí olùkà wa fiyè sí. A ń sọ ọ́ ní gbangba pé òṣìṣẹ́ tí àìlera bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tí ó wù láti lọ. Ilẹ̀kùn méjì ni ó wà lára ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni ti ẹni tí ó lọ fúnra rẹ̀. Èkejì ni ti ẹni tí dókítà jẹ́rìí sí pé ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ náà mọ́. Ìta ni àwọn méjèèjì já sí, nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń mú dání jáde ní ilẹ̀kùn kìíní kò tó ìdajì èyí tí ó tọ́ sí i ní ilẹ̀kùn kejì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, èyí tí ó rọ́pò ti ọdún 2004, pa á láṣẹ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15 pé kí owó máa wọ àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù: agbanisíṣẹ́ á dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ á sì dá ìdá 8. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó pé ẹni 50 ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, kò lè gbà ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà lọ. Ìyókù di ìgbà tí ó bá pé ẹni 50 ọdún. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà ya ẹni tí àìlera lé kúrò sọ́tọ̀. Bí dókítà tí ó kún ojú òṣùwọ̀n tàbí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà bá jẹ́rìí pé ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kò ní láti dúró de 50 ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó rẹ̀. Ọmọ ọdún 38 tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ǹjẹ́ ó lè fi ọdún 12 dúró de owó tí yóò fi tọ́jú ara rẹ̀?

Èkejì, tí ó sì tóbi ju èyí lọ, ni owó gbà-má-bínú fún ẹni tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ni ó kó àrùn bá a. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Jámánì ṣe òfin fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa ní ọdún 1884, Ìlú Ọba ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1897, nígbà tí ó sì di ọdún 1906, wọ́n fi àrùn tí ń ti inú iṣẹ́ wá kún un. Ní ilẹ̀ wa, ìjọba amúnisìn ṣe òfin tiwa ní ọdún 1941. A tún un ṣe ní ọdún 1987. Ní òpin ọdún 2010 ni èyí tí a ń lò báyìí dé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Employees' Compensation Act. Ó pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ láti máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ láti fi san án. Láti inú àpò yẹn ni a ti ń san owó fún ẹni tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ àti ẹni tí iṣẹ́ fi àrùn ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ bá sọ di aláìlera pátápátá títí ayé, òfin ní kí wọ́n máa san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún un lóṣooṣù. Ẹni tí àìlera tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n ohun tí ó sọnù lára rẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe ìṣirò tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì la ẹ̀mí lọ, opó àti àwọn ọmọ ní ìpín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan gbé e kalẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ọdún 2024 ni ₦70,000. Ká ní iye yìí ni òṣìṣẹ́ kan ń gbà. Ìdá 18 tí òun àti agbanisíṣẹ́ ń dá sí àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́ ₦12,600 lóṣù. Bí wọ́n bá dá a fún ọdún mẹ́fà gbáko, ó di ₦907,200, kí a tó ka èrè tí owó náà mú wá. Bí ó bá fi ìwé ìlà mẹ́rin jáde, ìdá 25 rẹ̀ ni yóò rí gbà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìyẹn ₦226,800. Àyẹ̀wò àti oògùn lè gbé iye yìí mì kí ọdún tó yí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni ó sọ ọ́ di aláìlera pátápátá, tí ó sì gba ilẹ̀kùn kejì jáde, ìdá 90 owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦63,000 lóṣooṣù. Gbogbo ohun tí ó fi ọdún mẹ́fà kó jọ sí àpò ìfẹ̀yìntì, gbà-má-bínú yóò san ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù 15, kò sì ní dúró níbẹ̀. Èyí ni a fi ń sọ pé ìwé ìlà mẹ́rin yẹn wọ́n ju bí ó ti rí lójú lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ gidi, pé kásúà ni òun, pé ẹni àárín ni ó kó òun wá, pé òun kò ní ìwé ìgbaniṣíṣẹ́. Ní Ọ̀tà, àwọn tí wọ́n ń sọ báyìí pọ̀ púpọ̀, ohun tí wọ́n sì ti gbà gbọ́ ni pé òfin kò mọ̀ wọ́n. Irọ́ ni. Òfin ọdún 2010 ka ẹni tí a gbà síṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àti ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbà sí òṣìṣẹ́; ó ka òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀, ọmọ-iṣẹ́ àti kásúà kún un. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn jọra, òfin kò sọ pé nítorí pé àrùn náà kò ti ibì kan ṣoṣo wá, kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ ni ó sọ pé àdéhùn èyíkéyìí tí òṣìṣẹ́ bá ṣe pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí, òfìfo ni. Nítorí náà, ẹni tí ó ti fọwọ́ sí ìwé láìmọ̀ kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: ìwé tí ó sọ pé ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó lọ máa ń sọ ẹjọ́ di òkè, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ sẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti rí ohun tí yóò nà sókè.

Ohun mìíràn tí ń pa ẹ̀tọ́ wa ni àkókò. Òfin sọ pé láàárín ọjọ́ 14 tí òṣìṣẹ́ bá fara pa, tàbí tí àrùn iṣẹ́ bá dá a dúró, kí ó ti sọ fún ọ̀gá tàbí súpáfáísọ̀ tàbí ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn níbi iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ NSITF létí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ọdún kan láti béèrè gbà-má-bínú. Ẹni tí ó ń fi àìsàn pamọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rí ara rẹ̀. Bí ó bá wá di ọjọ́ tí yóò sọ̀rọ̀, kò sí ìwé dókítà, kò sí àkọsílẹ̀ níbi iṣẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti lọ, súpáfáísọ̀ ti yí padà.

Kí ni ó ń mú àwọn ènìyàn wa fi àìsàn pamọ́? Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ìtìjú náà sì wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí ìyàwó àti ọmọ ń wojú rẹ̀ kì í fẹ́ kí a pe òun ní aláìlera. Ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run Ọba bá mú ẹ̀bi kúrò lára aláìsàn tí kò lè jáde sójú ogun, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní Súrátùl-Fat'h ẹsẹ̀ 17, ta ni ẹ̀dá tí yóò dá a lẹ́bi pé kò lè dúró ti ẹ̀rọ mọ́? Ohun kẹta tún wà tí a gbọ́dọ̀ sọ láìfi ìkan bọ̀kan. Bí ikọ́ bá mú òṣìṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, kíá ni àwọn kan ti ń sọ pé ayé ni, pé ẹnìkan níbi iṣẹ́ ni ó ń bá a jà nítorí ipò. Wọ́n á máa gbé e kiri lọ́dọ̀ àwọn aríran, wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á jẹ gbèsè. Eruku tí ó ń fà símú fún ọdún 11, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè. Ẹni tí a bá ní ọ̀tá ni ó ń ṣe é kò ní lọ sọ́dọ̀ dókítà tí yóò kọ ohun tí ó ń ṣe é sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn yóò gba ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ asán yóò sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Sí àwọn agbanisíṣẹ́, a kò wá láti bá yín jà. A mọ̀ pé iná mànàmáná kò dúró, pé dísù wọ́n, pé ọ̀nà kò dára, pé owó-orí pọ̀. A sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń ṣe dáadáa, tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ní ìbòmú àti ìdí-etí, tí wọ́n ń yí ẹni tí iṣẹ́ líle bá ti ń pa lára sí ibi iṣẹ́ fífúyẹ́. Ọ̀rọ̀ wa ni pé òdodo yìí kò ní pa yín. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ ń san fún NSITF ń dáàbò bo ẹ̀yin náà, nítorí àpò yẹn ni yóò san gbà-má-bínú dípò kí òṣìṣẹ́ gbé yín lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí ìpalára kan náà. Ẹni tí kò san án, tí ó wá ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ gba ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, ń ti gbèsè tirẹ̀ sí ọrùn opó àti ọmọ òrukàn.

Sí ìjọba, ọ̀rọ̀ wa pọ̀ díẹ̀. Òfin iṣẹ́ tí a ṣe ní ọdún 1974 ni ó ṣì ń darí ìsinmi àìsàn lónìí, ọjọ́ 12 péré ni ó sì fi sílẹ̀ láàárín ọdún kan fún òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá, tí dókítà jẹ́rìí sí i, láti máa gba owó rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ nìkan, oògùn oṣù mẹ́fà ni. Bákan náà, ẹni tí àrùn tí kò ti ibi iṣẹ́ wá bá lé kúrò, ohun tí ó bá wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nìkan ni ó ní. Bí ó bá tán, ó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ghana. Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì wọn ti ọdún 2008, ẹni tí ó bá ti dá owó sí àjọ SSNIT fún ó kéré tán oṣù 12 nínú oṣù 36 tí ó gbẹ̀yìn, tí ìgbìmọ̀ dókítà sì jẹ́rìí pé kò lè ṣe iṣẹ́ kankan mọ́, yóò máa gba owó ìfẹ̀yìntì àìlera lóṣooṣù. Àwa náà ti ní irú rẹ̀ rí nínú òfin NSITF ti ọdún 1993, kí àtúnṣe ọdún 2004 tó sọ owó ìfẹ̀yìntì di ohun tí olúkúlùkù ń fi pamọ́ fún ara rẹ̀. A ń béèrè pé kí àwọn aṣòfin dá ìpìlẹ̀ yìí padà, kí wọ́n sì fi kún ọjọ́ ìsinmi àìsàn. Kí àwọn tí òfin yàn láti máa bẹ ilé-iṣẹ́ wò sì máa wá sí Ọ̀tà kí ìbòji tó bo ènìyàn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí ní ìtàn nínú ẹ̀sìn wa, a ó sì mẹ́nu kàn án ní ṣókí. Abu Yusuf, àgbà onímọ̀ òfin tí ó kú ní ọdún 798, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Kitab al-Kharaj pé Kálífà Umar rí arúgbó afọ́jú kan tí ń tọrọ bárà. Júù ni ọkùnrin náà, ohun tí ó sì lé e dé ẹnu ọ̀nà onílé ni owó-orí, àìní àti ọjọ́ orí. Umar fà á lọ́wọ́ dé ilé ara rẹ̀, ó fún un ní nǹkan, lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ sí olùtọ́jú àpò ìṣúra pé kí wọ́n bojú tó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé kò tọ́ kí a jẹ ìgbà èwe ènìyàn tán, kí a wá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà ogbó. Ẹ̀sìn ọkùnrin náà kò dí i lọ́wọ́ láti ṣe é. Ohun tí ó kà sí gbèsè ni agbára tí a ti lò lára ẹni náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti lo èjìká ènìyàn fún ọdún 15, ìlú tí ó ti gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè kan náà ni ó wà lọ́rùn wọn.

Kí ni kí òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ ń ṣe kókó ṣe? Kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn tí ń kọ nǹkan sílẹ̀, kí ó sì sọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún dókítà, nítorí dókítà tí kò mọ̀ pé irin ni a ń yọ́ lè máa wo ibà. Kí ó fi tó ọ̀gá létí nípa ìwé, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sílé. Kí ó tọ́jú ìwé owó oṣù, káàdì ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́ àti ìwé àyẹ̀wò gbogbo. Ẹni tí ó jẹ́ kásúà, kí ó máa kọ ọjọ́ tí ó ṣiṣẹ́ àti iye tí ó gbà. Kí ó bi ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ léèrè bóyá owó tí a ń yọ lóṣù ń dé ibẹ̀ lóòótọ́. Kí ó wádìí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ohun tí àdéhùn wọn sọ nípa owó ìdágbére fún ẹni tí àìlera lé kúrò. Bí wọ́n bá pè é sí ọ́fíìsì, kí ó má fọwọ́ sí ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Kí ó ní òun ń lọ fi han àwọn ará ilé òun. Bí ó bá jẹ́ pé yóò kọ ìwé dandan, kí ó kọ ọ́ pé àìlera tí dókítà jẹ́rìí sí ni ó ń mú òun lọ, kí ó fi ìwé dókítà há a. Bí NSITF bá kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, àyè wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níwájú àjọ náà fúnra rẹ̀, kí a tó dé National Industrial Court.

Iṣẹ́ yìí pọ̀ fún aláìsàn láti dá ṣe, ibẹ̀ sì ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Nínú mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ní agbègbè yìí, akọ̀wé wà, olùkọ́ wà, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì wà, agbẹjọ́rò sì wà ní òmíràn. Kí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò máa bá aláìsàn ka ìwé, kọ ìwé, tí yóò sì bá a dé ọ́fíìsì NSITF. Nígbà tí a bá ń pín sàká, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní èṣí tí kò lè dìde lónìí. Ojú ń tì í láti tọrọ, a ní láti wá a lọ. Bí ẹnìkan bá ti pẹ́ ní sàfù tí a kò rí i mọ́, kí a béèrè ilé rẹ̀. Àpò ìrẹsì kan dára, ṣùgbọ́n ìwé tí yóò mú ₦63,000 wọlé lóṣooṣù sàn ju àpò ìrẹsì ogún lọ. Ẹ̀yin ìyàwó òṣìṣẹ́, ẹ̀yin náà ní ipa tiyín: ẹ̀yin ni ẹ ń gbọ́ ikọ́ yẹn lóru. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó fi oṣù mẹ́fà pa á mọ́ra.

Àìlera lè dé bá ẹnikẹ́ni nínú wa; a kò mọ ẹni tí ó kàn. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn gbà pé ara òun kò gbé e mọ́, kò sì sí ọlá nínú kí ó fi ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì. Kí ó bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́, kí ó sì gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba fún àwọn tí ó wà lórí ibùsùn àìsàn ní àlàáfíà, kí Ó dáàbò bo àwọn tí ó ṣì ń jáde lọ ní òwúrọ̀, kí Ó sì fi òdodo sí ọkàn àwọn tí ó ń gbani síṣẹ́. Àmín.